Ẹ má tíì ra príńtà tuntun

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ni mo ní ní Kubwa, níbí ní Abuja. A máa ń bá àwọn oníṣòwò fi orúkọ ilé-iṣẹ́ wọn sílẹ̀ ní CAC, a sì ń bá wọn ṣètò ìwé owó-orí. Kọ̀ǹpútà márùn-ún la ní, príńtà kan ṣoṣo, HP LaserJet P1102 tí kò ní Wi-Fi, wáyà USB nìkan ló ní. Láptọ́ọ̀pù mi ni wọ́n so ó mọ́. Bí mo bá ti gbé e jáde lọ sí Maitama, iṣẹ́ dúró nìyẹn, àwọn ọmọ á máa fi fláàṣì sáré kiri títí n ó fi dé. Lóṣù tó kọjá, ọmọkùnrin kan wá bá wa tò ó kí kálukú lè máa tẹ̀wé láti ibi tó jókòó sí. Ó ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó dákẹ́. Ní báyìí, kọ̀ǹpútà kan ń kọ 0x0000011b sí wa lójú, àwọn yòókù kò tilẹ̀ rí príńtà náà mọ́. Ọmọ náà ní kí n lọ ra tuntun tó ní Wi-Fi. Owó yẹn kò sí ńlẹ̀. Ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìrọ́jú. Ọ̀nà wà, owó tí ẹ ó ná sì lè má ju ti ráútà kékeré kan lọ (ẹ̀rọ tó ń pín Wi-Fi), bí ẹ bá tilẹ̀ ná kọ́bọ̀. Ẹ má tíì ra príńtà kankan. Èyí tí ẹ ní yìí, akíkanjú ni. Ó ti pé lọ́jà, mo sì ṣì ń bá a pàdé ní ọ́fíìsì láti Nyanya dé Gwagwalada. Tónà rẹ̀, 85A, wà káàkiri. Ó ń tẹ bí ojú ìwé 18 láàárín ìṣẹ́jú kan, àwo bébà rẹ̀ ń gba 150. Fún ènìyàn márùn-ún tó ń tẹ ìwé CAC, ó tó, ó sì ṣẹ́kù. Ọmọkùnrin yẹn pàápàá, iṣẹ́ tó ṣe kò burú ní ìpìlẹ̀. Ibi tó gbé e kà ni kò dára: ó so gbogbo ọ́fíìsì mọ́ láptọ́ọ̀pù ọ̀gá, ọ̀gá sì ni ẹni tó ń jáde jù nínú ilé.

Ẹ fojú inú wo agboolé tó ní kànga kan. Kànga náà ní ìdérí, ìdérí náà ní kọ́kọ́rọ́. Gbogbo ilé ló lè pọn níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nílé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni príńtà oní-USB rí. Kò mọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá. Kò ní àdírẹ́sì, kò sì gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni àfi ti kọ̀ǹpútà tí wáyà rẹ̀ wọ̀. Nígbà tí a bá ní a fẹ́ jọ máa lò ó, kọ̀ǹpútà yẹn la ń bẹ̀ pé kó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn yòókù, kó tò wọ́n sí ìlà, kó máa fi rán príńtà níkọ̀ọ̀kan. N ó máa pè é ní kọ̀ǹpútà onípríńtà. Bó bá jáde, bó bá sùn, bí orúkọ rẹ̀ tàbí àdírẹ́sì rẹ̀ bá yí padà, bí pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ bá kọṣẹ́, príńtà ti di òkúta lójú gbogbo àwọn tó kù. Èyí tó pọ̀ jù nínú àròyé tí wọ́n ń gbé wá bá mi lórí príńtà, ibẹ̀ ló ti ń wá, kì í ti ara príńtà wá.

Nítorí náà, ẹ yan kọ̀ǹpútà kan tí kì í jáde. Bí ẹ bá ní dẹ́sítọ́ọ̀pù, òun náà nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé láptọ́ọ̀pù ni gbogbo yín ń lò, ẹ mú èyí tí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ti ń kọṣẹ́ tàbí tí ojú rẹ̀ ti là, tí ẹnikẹ́ni kò ní fẹ́ gbé lọ bá oníbàárà mọ́, kìkì pé kí bátìrì rẹ̀ ṣì lè gbé e fún bíi wákàtí kan. Bí iná bá lọ lójijì, bátìrì yẹn ni yóò gba àwọn iṣẹ́ tó wà lórí ìlà sílẹ̀. Kò pọn dandan kó lágbára. Microsoft ti dáwọ́ ìtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní oṣù Kẹwàá 2025, torí náà bí èyí tó ní Windows 11 bá wà, ẹ jẹ́ kó jẹ́ òun.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gba oorun lójú rẹ̀. Láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ni wọ́n ti tò ó pé bí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kó sùn. Kọ̀ǹpútà tó ń sùn kì í jíṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ wọ "Settings", "System", "Power", kí ẹ fi "Sleep" sí "Never" nígbà tó bá wà lórí iná. Ojú rẹ̀ lè kú, ìyẹn kò dí nǹkan kan lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù, ẹ tún lọ sí "Control Panel", "Power Options", níbi tí wọ́n ti ń sọ ohun tí yóò ṣe bí wọ́n bá pa ìdérí rẹ̀ dé, kí ẹ yàn án sí "Do nothing".

Ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló kàn, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ ka èyí, nítorí ó ń ná àwọn ènìyàn lówó lásán. Títẹ̀wé láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn nínú ọ́fíìsì kì í jẹ dátà. Mo ti bá ọ́fíìsì kan pàdé ní Utako tí wọ́n ń sáré ra dátà ní ìparí oṣù, nítorí wọ́n gbà pé bí dátà bá tán, ìwé kò lè jáde. Ó dùn mí nígbà tí wọ́n sọ iye tí wọ́n ti ná. Ráútà níláti wà, kó tan, kí gbogbo kọ̀ǹpútà sì so mọ́ òun kan náà. Ó parí. Bí íntánẹ́ẹ̀tì kò bá sí nínú rẹ̀ rárá, ìwé yóò jáde.

Gbólóhùn "òun kan náà" yìí ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ ní ìlú wa níbí. Ẹnì kan wà lórí MiFi ọ́fíìsì, ẹnì kejì wà lórí họ́tísípọ́ọ̀tù fóònù rẹ̀, ẹnì kẹta ń lo Wi-Fi ọ́fíìsì òkè. Agboolé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, wọn kò lè pọn nínú kànga kan. Tí ẹ bá tún ń gbé MiFi náà sínú àpò lọ sí Maitama pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù, ẹ ti gbé kànga àti kọ́kọ́rọ́ lọ pọ̀ nìyẹn. Ìmọ̀ràn mi ni kí ẹ wá ráútà kékeré kan tí kò ní kúrò lára ògiri. Àlòkù tó dára wà ní Emab àti Banex ní Wuse 2; kò nílò SIM. Ẹ fi wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì so kọ̀ǹpútà onípríńtà mọ́ ọn, kí àwọn yòókù gba Wi-Fi rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì láti inú òun kan náà, ẹ ra èyí tó ń gba SIM.

Bí ẹ bá sì fẹ́ ṣì máa lo MiFi, ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn kan nínú wọn ní ohun tí wọ́n ń pè ní "AP isolation", tí kì í jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kan rí èkejì bó tilẹ̀ jẹ́ pé Wi-Fi kan náà ni wọ́n wà. Ó gbọ́dọ̀ wà ní pípa. Wi-Fi tí wọ́n ń pè ní "Guest" náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má fi òṣìṣẹ́ yín síbẹ̀.

Ohun kan ṣì wà tí ẹ̀ ń rò pé kò tó nǹkan. Nígbà tí Windows bá kọ́kọ́ pàdé Wi-Fi kan, ó máa ń kà á sí ti ilé tàbí ti ìta. "Public network" ni ti ìta, níbi tí kọ̀ǹpútà ti ń ti gbogbo ilẹ̀kùn mọ́ra, bí ẹni tó wọ ọkọ̀ èrò ní Berger. "Private network" ni ti ilé. Lórí kọ̀ǹpútà márààrún, Wi-Fi ọ́fíìsì yín gbọ́dọ̀ jẹ́ "Private". Ẹ ó rí i nínú "Network & internet", lábẹ́ orúkọ Wi-Fi náà. Ní ibẹ̀ kan náà, ẹ lọ sí "Advanced network settings", lẹ́yìn náà "Advanced sharing settings", kí ẹ tan "Network discovery" àti "File and printer sharing" fún ti "Private" nìkan. Ẹ fi ti "Public" sílẹ̀ ní pípa, kí láptọ́ọ̀pù tó bá jáde lọ sí ilé ìjẹun má baà ṣí ilẹ̀kùn fún àjèjì.

Ó wá ku títò rẹ̀ gan-an. Ẹ fún kọ̀ǹpútà onípríńtà ní orúkọ tí kò ní yí padà, ní "Rename this PC". Kí orúkọ náà má ní àlàfo, kó má ní àmì ohùn, kó má sì ju lẹ́tà 15 lọ. Ẹ jẹ́ ká ní ẹ pè é ní ITEWE-KUBWA. Ẹ pa á, ẹ tún un tan. So príńtà mọ́ ọn, kí ẹ tẹ ojú ìwé kan láti orí òun fúnra rẹ̀. Bí òun alára kò bá lè tẹ̀ ẹ́, kò sí ẹlòmíràn tí yóò tẹ̀ ẹ́. Wáyà USB kò gbọdọ̀ gùn ju mítà 5 lọ. Mo mọ̀ pé wọ́n ń ta mítà 10 ní plásà, àwọn kan á sì tilẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ìwé á bẹ̀rẹ̀ sí í gé láàárín. Bí ọ̀nà bá jìn, wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kí ẹ jẹ́ kó gùn, nítorí òun lè dé mítà 100. Kọ̀ǹpútà àti príńtà ni kí wọ́n súnmọ́ ara wọn.

Lẹ́yìn náà ni akáùǹtì. Ibí yìí gan-an ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà wa ti ń gba ẹ̀bùrú. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ni kò ní pásíwọ́ọ̀dù, Windows kì í sì í gba ẹnikẹ́ni wọlé láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì pẹ̀lú akáùǹtì tí kò ní pásíwọ́ọ̀dù. Àwọn mìíràn ní PIN oní-nọ́ńbà mẹ́rin, wọ́n á sì máa tẹ PIN yẹn nígbà tí kọ̀ǹpútà kejì bá béèrè pásíwọ́ọ̀dù. Kò ní wọlé láéláé: kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti ṣẹ̀dá PIN ni PIN mọ, kò ju ibẹ̀ lọ. Bí oníṣẹ́ bá ti rí i pé ó kọ̀, á pa "Password protected sharing", ẹnikẹ́ni á sì máa wọlé bí àlejò. Ó ń ṣiṣẹ́ láyé àtijọ́. Láti ìgbà tí Windows 11 24H2 ti dé, ẹ̀dà Pro kì í gba irú àlejò bẹ́ẹ̀ mọ́ bí a kò bá yí i padà. Ọjọ́ tí ẹ bá ra kọ̀ǹpútà tuntun kan, gbogbo ẹ̀ ni yóò tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ṣe é bó ṣe yẹ. Lórí kọ̀ǹpútà onípríńtà, ẹ lọ sí "Accounts", "Other users", kí ẹ ṣí akáùǹtì tuntun tí kì í ṣe ti Microsoft. Ẹ pe orúkọ rẹ̀ ní itewe, kí ẹ fún un ní pásíwọ́ọ̀dù gidi. Má ṣe sọ ọ́ di alábòójútó. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló wá ṣe. Orúkọ yìí ni gbogbo kọ̀ǹpútà yòókù yóò máa fi kan ilẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ sí mi, kí ó má baà ṣẹlẹ̀ sí yín. Mo tò ó bẹ́ẹ̀ fún ọ́fíìsì kan ní Garki, àṣẹ "net user" ni mo fi ṣí akáùǹtì náà. Gbogbo nǹkan dùn. Lẹ́yìn oṣù kan àti díẹ̀, wọ́n pè mí pé ó ti kú. Mo lọ, mo tún pásíwọ́ọ̀dù fi, ó jí, mo lọ sílé. Oṣù kan àti díẹ̀ mìíràn, wọ́n tún pè. Ìgbà kejì ni mo tó jókòó ka ọjọ́: ọjọ́ 42 géérégé. Windows ti ní i lọ́kàn pé pásíwọ́ọ̀dù irú akáùǹtì bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 42 lọ kí wọ́n tó yí i padà, níwọ̀n bí ẹnikẹ́ni kì í sì í jókòó sídìí akáùǹtì yẹn, kò sẹ́ni tó máa rí ìkìlọ̀ rẹ̀. Àṣẹ kan ló wò ó sàn. Ẹ ṣí "Command Prompt" gẹ́gẹ́ bí alábòójútó, kí ẹ tẹ èyí:

net accounts /maxpwage:unlimited

Ẹ tẹ "Enter". Ẹ ṣe é, ọ̀nà yòówù kí ẹ gbà ṣí akáùǹtì náà.

Ẹ wá lọ sí "Printers & scanners", ẹ tẹ orúkọ príńtà, "Printer properties", "Sharing", kí ẹ fi àmì sí "Share this printer". Ẹ fún un ní orúkọ kúkúrú, bíi P1102. Lórí láptọ́ọ̀pù yín tó ti jẹ́ onípríńtà tẹ́lẹ̀, ẹ yọ àmì yẹn kúrò. Lórí àwọn mẹ́ta tó kù, ẹ pa àwòrán príńtà àtijọ́ rẹ́, nítorí bó bá ṣì wà níbẹ̀, ọwọ́ á máa ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́, ẹ ó sì rò pé iṣẹ́ tuntun ni kò dára.

Lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan tó fẹ́ máa lò ó, ẹ kọ́kọ́ fi dráífà P1102 sí i. Dráífà ni ètò kékeré tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní èdè príńtà. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ẹ gbé kọ̀ǹpútà náà wá sídìí príńtà, kí ẹ fi USB so wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó kọ́ èdè náà tán, kí ẹ sì yọ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows àti R pa pọ̀, kí ẹ kọ \\ITEWE-KUBWA. Bó bá béèrè ẹni tí ẹ jẹ́, ẹ kọ ITEWE-KUBWA\itewe àti pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, kí ẹ fi àmì sí "Remember my credentials". Príńtà á yọjú. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ̀ ẹ́, ẹ yan "Connect". Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ pa "Let Windows manage my default printer", kí ẹ sì fi P1102 ṣe àkọ́kọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹnì kan á tẹ "Print", ìwé á lọ di PDF sínú kọ̀ǹpútà, á sì dúró sídìí príńtà títí.

Bó bá ní òun kò rí orúkọ yẹn, ẹ lo nọ́ńbà àdírẹ́sì rẹ̀ dípò, irú bíi \\192.168.8.20. Ṣùgbọ́n ráútà ló ń pín nọ́ńbà wọ̀nyí, èyí tó fúnni lónìí lè di ti fóònù ẹlòmíràn lọ́la. Mo fura gidigidi pé ohun tó pa iṣẹ́ ọmọkùnrin yẹn lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta nìyí, bí kò bá ṣe oorun. Inú ojú-ewé ráútà ni wọ́n ti ń sọ pé nọ́ńbà kan jẹ́ ti kọ̀ǹpútà kan títí láé. "Address reservation" ni ọ̀pọ̀ wọn ń pè é. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é fún ITEWE-KUBWA.

Ó wá kan 0x0000011b tó ń dẹ́rù bà yín. Kì í ṣe àmì pé príńtà ti bàjẹ́. Ní ọdún 2021, wọ́n rí ihò kan nínú apá Windows tó ń bójú tó títẹ̀wé, wọ́n sọ ọ́ ní PrintNightmare. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ wọlé lè gba gbogbo kọ̀ǹpútà mọ́ ẹni tó ni ín lọ́wọ́. Microsoft sáré tú àtúnṣe jáde ní oṣù Keje ọdún yẹn, ní oṣù Kẹjọ wọ́n ní alábòójútó nìkan ló lè fi dráífà príńtà sí kọ̀ǹpútà láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ní oṣù Kẹsàn-án wọ́n tún di okùn náà le sí i, nítorí ihò mìíràn nínú títẹ̀wé kan náà: kọ̀ǹpútà onípríńtà kò ní gba iṣẹ́ àfi tí ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ bá wà nínú àpò tí a dì. Bí kọ̀ǹpútà kan bá ti gba àtúnṣe yẹn tí èkejì kò tíì gbà á, wọn kò ní gbọ́ ara wọn mọ́, 0x0000011b ni ẹ ó sì rí.

Oògùn rẹ̀ ni kí ẹ ṣe "Windows Update" lórí méjèèjì dé òpin. Ó ń jẹ dátà, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ni. Ọ̀nà ẹ̀bùrú tó gbajúmọ̀ ni kí oníṣẹ́ wọ "Registry", ibi tí Windows ń kọ ètò rẹ̀ pamọ́ sí, lọ kọ RpcAuthnLevelPrivacyEnabled, kó fi 0 sí i. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má gbà fún un. Ó ń ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ihò tí wọ́n dí ló tún ṣí yẹn, lórí kọ̀ǹpútà tí ìwé ìdánimọ̀ àwọn oníbàárà yín wà nínú rẹ̀.

Bí kọ̀ǹpútà kan bá wà tó ti darúgbó, tí kò lè gba àtúnṣe mọ́, ọ̀nà kan wà tó ti yanjú rẹ̀ fún mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Dípò "Connect", ẹ fi ọwọ́ fi príńtà kún un bíi pé ti ara rẹ̀ ni: ẹ yan "Add a local printer", "Create a new port", "Local Port", kí ẹ kọ \\ITEWE-KUBWA\P1102 sí i, kí ẹ sì mú dráífà tí ẹ ti fi sí i tẹ́lẹ̀. Ìwé á máa gba ọ̀nà tí fáìlì ń gbà kọjá.

Àwọn kan á ní kí ẹ ra àpótí kékeré tó ń sọ USB di nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí ẹ má tilẹ̀ nílò kọ̀ǹpútà onípríńtà. Ó dára fún àwọn príńtà kan. Ṣùgbọ́n àwọn príńtà kékeré bíi tiyín, tàbí Canon LBP2900, kò gbọ́ èdè tí gbogbo ayé ń sọ; kọ̀ǹpútà ló ń bá wọn ya ojú ìwé tán kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. HP 1018 àti 1020 tilẹ̀ máa ń gbàgbé ara wọn pátápátá ní gbogbo ìgbà tí iná bá lọ, kọ̀ǹpútà ní láti tún kọ́ wọn ní iṣẹ́ wọn. Nítorí náà ẹ má sanwó àpótí náà àfi tí wọ́n bá so ó mọ́ P1102 lójú yín, tí ojú ìwé sì jáde. Ohun tí èmi fúnra mi fẹ́ràn jù ni Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà tó mọ bí àtẹ́lẹwọ́, tí a fi CUPS sí, ètò títẹ̀wé tí Michael Sweet bẹ̀rẹ̀, tí Apple rà ní 2007, tó sì wà nínú gbogbo Mac. Iná tó ń jẹ kò tó nǹkan, kò mọ oorun, ó sì ń jẹ́ kí fóònù náà lè tẹ̀wé. Ó gba ẹni tó mọ̀ ọ́n tò, pàápàá fún P1102, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí owó bá wà, ẹ rántí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ iná kún un. Ráútà àti kọ̀ǹpútà onípríńtà, orí íńfátà ni kí wọ́n wà. Príńtà olẹ́sà, ẹ má so ó mọ́ UPS kékeré láé, àpótí bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà nígbà tí iná bá lọ. Irin kan wà nínú rẹ̀ tó ń gbóná kó lè yọ́ lẹ́búlẹ́bú tónà mọ́ bébà, bó bá sì ti fẹ́ gbóná, ó máa ń fa iná púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti tú UPS tó jóná nítorí rẹ̀, ẹni tó ni ín sì rò pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Ara ògiri tààrà ni kó wà, tàbí jẹnẹrétọ̀ tó lè gbé e.

Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, tí àwọn aládùúgbò ti ń kígbe "babu wuta", ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má tẹ "Print" lẹ́ẹ̀kejì. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ṣì wà lórí ìlà. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin á gba ìwé mẹ́rin nígbà tí iná bá dé, tónà yín ló sì ń lọ. Bí ìlà náà bá dí, tí iṣẹ́ kan kò lọ tí kò sì pa rẹ́, lórí kọ̀ǹpútà onípríńtà ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows àti R, ẹ kọ services.msc, ẹ dá "Print Spooler" dúró, ètò tó ń to iṣẹ́ sí ìlà, ẹ kó gbogbo ohun tó wà nínú C:\Windows\System32\spool\PRINTERS dànù, ẹ tún "Print Spooler" náà tan. Ẹ kọ́ ẹnì kan nínú wọn ní èyí, kí wọ́n má máa dúró dè yín. Lásìkò ọyẹ́, ẹ máa fi aṣọ bo príńtà ní alẹ́, kí ẹ sì fi bébà sílẹ̀ nínú ọ̀rá rẹ̀ títí ẹ ó fi nílò rẹ̀. Bébà tó gbẹ jù máa ń lẹ̀ mọ́ra, méjì á wọlé pọ̀.

Níwọ̀n ìgbà tí ẹni márùn-ún á ti jọ máa lo ìlà kan, orúkọ fáìlì tí ẹnì kan ń tẹ̀ lè hàn sí ẹlòmíràn, ìwé sì lè wà lórí príńtà kí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ tó dìde. NIN àti páásípọ́ọ̀tù ènìyàn ló ń gba ọwọ́ yín kọjá, Òfin Ààbò Dátà ti 2023 sì ti sọ ọ́ di ẹrù tó wà lọ́rùn ẹni tó gbà á. Ẹ gbé príńtà síbi tí oníbàárà tó jókòó kò ti lè nawọ́ kàn án. Nínú "Printer properties", "Advanced", kí ẹ rí i dájú pé "Keep printed documents" kò ní àmì.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá tò ó tán, ẹ pa gbogbo rẹ̀, ráútà, kọ̀ǹpútà, príńtà. Ẹ tan ráútà ṣáájú, lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì kí ẹ tan kọ̀ǹpútà onípríńtà àti príńtà, kí ẹ tó tan àwọn yòókù, kí kálukú tẹ ojú ìwé kan. Ní ọjọ́ kejì, ẹ gbé láptọ́ọ̀pù yín, ẹ máa lọ sí Maitama bí ẹ ti máa ń ṣe. Bí ẹ bá dé ọ̀hún, ẹ pè wọ́n ní Kubwa, kí ẹ ní kí ọmọ tó jókòó jìnnà jù sí príńtà tẹ ojú ìwé kan, kí ẹ sì dúró lórí fóònù títí yóò fi sọ fún yín pé ó ti jáde.